Àsè Ìkórè àti Ọtí Àdàlù ní Amẹ́ríkà: Ta Ni Ọpẹ́ Tọ́ Sí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Orílẹ̀-èdè kan wà tí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti fi dúpẹ́ ìkórè. Ní ọjọ́ náà, ilé ẹ̀kọ́ a tì, ọ́fíìsì ìjọba a tì, àwọn ọmọ a sì ti ọ̀nà jíjìn padà wá sí ilé baba wọn kí wọ́n lè jọ jẹun pọ̀. Amẹ́ríkà ni orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn ohun tí ó wà lórí tábìlì ọjọ́ ọ̀hún wò fínnífínní, láti orí ẹ̀fọ́ títí dé orí ọtí, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọpẹ́ náà tọ́ sí ni a kò dárúkọ rárá fún ìgbà pípẹ́. Ìtàn yìí kan Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ayé mọ̀ ọ́n.

Ní ilẹ̀ tiwa, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ó pín ọdún sí méjì. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ìgbà mẹ́rin ni ó wà nínú ọdún. Èyí tí a lè pè ní ìgbà ìwọ́wé bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, ó sì parí ní oṣù kejìlá. Ní ìgbà yìí, ewé igi a pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, a wá wọ́ dànù. Elégédé a gbó nínú oko, ọ̀dùnkún a jáde nínú ilẹ̀, èso ápù a sì pọ́n lórí igi. Ìgbà ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ń bẹ nínú ayọ̀ náà, nítorí òtútù tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohunkóhun hù. Ohun tí ènìyàn bá kó sí àká ni yóò jẹ títí òtútù yóò fi kọjá. Ìdí nìyí tí àlejò ṣíṣe ní ìgbà ìwọ́wé fi ní ìtumọ̀ tí ó jinlẹ̀ ní ilẹ̀ náà láyé àtijọ́. Ẹni tí ó bá pe ènìyàn wá jẹun ní àkókò náà ń fi hàn pé ebi kò ní pa ilé òun kí ewé tuntun tó rú.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ àṣírí ìkórè náà, ó sì ti pẹ́ jọjọ kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú ihò àpáta kan ní Oaxaca, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, àwọn awalẹ̀pìtàn rí kóró elégédé tí ènìyàn ti ń gbìn láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ó pẹ́, ọ̀gbìn elégédé, àgbàdo àti irú ẹ̀wà tiwọn tàn dé àríwá. Àwọn Haudenosaunee, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Iroquois, tí ilẹ̀ wọn wà ní ibi tí ó di ìpínlẹ̀ New York, ka àwọn ohun ọ̀gbìn mẹ́ta náà sí ọmọ ìyá mẹ́ta, obìnrin sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú ebè kan náà ni wọ́n ń gbìn wọ́n sí. Àgbàdo a dúró ṣánṣán gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá fún ẹ̀wà láti fà mọ́. Gbòǹgbò ẹ̀wà a fi ọ̀rá kún ilẹ̀ fún àgbàdo. Ewé elégédé tí ó fẹ̀ a sì bo ilẹ̀, oòrùn kò ní lè gbẹ ẹ́, koríko kò sì ní rí àyè hù. Àgbẹ̀ wa tí ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu tàbí àgbàdo kò ní í ṣe kàyéfì nípa ọgbọ́n yìí.

Àwọn onílẹ̀ kan náà ni wọ́n máa ń se àgbàdo àti ẹ̀wà pọ̀ nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Àwọn òyìnbó gba oúnjẹ náà lọ́wọ́ àwọn ará Narragansett, wọ́n sì gba orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn: succotash ni wọ́n ń pè é títí di òní. Bí ọmọ Yorùbá bá rí i nínú àwo, kíá ni yóò pè é ní àdàlù. Kì í sì í ṣe èèṣì ni ìjọra yìí, nítorí pé láti ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo gan-an ti ṣẹ̀, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní ọdún 1492, kí ó tó gba orí omi dé etíkun wa. Gbogbo ìgbà tí a bá se àdàlù, tàbí tí a bá mu ògì, ni àwa náà ń jẹ nínú ogún wọn.

Ní ọdún 1620 ni ọkọ̀ ojú omi Mayflower gbé èrò 102 láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí etíkun ibi tí ó di Massachusetts. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ó kú kí òtútù àkọ́kọ́ tó kásẹ̀ ńlẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ àwọn tí ó kù ní bí a ti ń gbin àgbàdo, tí a sì ń fi ẹja sí ìdí rẹ̀ kí ó lè dára, ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tisquantum. Ìtàn ọkùnrin yìí yẹ fún ìrònú. Ní ọdún 1614, ọ̀gá ọkọ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti jí i gbé lọ sí ilẹ̀ Sípéènì láti tà á lẹ́rú. Ó bọ́, ó dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ èdè wọn níbẹ̀. Nígbà tí ó padà sí ìlú rẹ̀, Patuxet, ní ọdún 1619, àjàkálẹ̀ àrùn ti pa gbogbo ìlú náà run, kò ku ẹnìkan. Orí ahoro Patuxet náà ni àwọn àlejò láti inú Mayflower wá kọ́ ìlú tiwọn sí, tí wọ́n sì pè é ní Plymouth. Ẹni tí wọ́n jí gbé ni ó wá fi oúnjẹ gba àwọn ènìyàn ẹni tí ó jí i gbé là, lórí ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀.

Ìkórè ọdún 1621 dára. Edward Winslow, ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọba onílẹ̀ tí ń jẹ́ Massasoit wá pẹ̀lú àwọn ọkùnrin bí 90, pé wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ àsè, àti pé àwọn onílẹ̀ pa àgbọ̀nrín márùn-ún wá síbẹ̀. Ìrántí àsè yìí ni a fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni a kì í sábà sọ. Ní ọdún 1675, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ àlejò àti àwọn ọmọ onílẹ̀. Metacom, ọmọ Massasoit tí ó gbé àgbọ̀nrín wá sí àsè, ni ó ṣe olórí ogun àwọn onílẹ̀. Wọ́n pa á ní ọdún 1676, wọ́n gbé orí rẹ̀ kọ́ sórí òpó ní Plymouth, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Púpọ̀ nínú àwọn tí ogun kó ni a tà lẹ́rú sí àwọn erékùṣù Karibíà.

Ohun tí àwọn òyìnbó fúnra wọn mú wá sí tábìlì náà ni ápù. Láti Yúróòpù ni wọ́n ti kó kóró rẹ̀ wá, ó sì gba ilẹ̀ Amẹ́ríkà dáradára. Ápù tí a fi kóró gbìn kì í sábà dùn ní jíjẹ, nítorí náà ọtí ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe. Ní ìgbà ìwọ́wé, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a fún oje rẹ̀ sínú àgbá, oje náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó fúnra rẹ̀ títí yóò fi kan, gẹ́gẹ́ bí ẹmu ti ń ṣe. Nígbà tí òtútù bá mú, àwọn kan a gbé àgbá náà síta kí omi inú rẹ̀ lè dì. Wọn a yọ yìnyín kúrò, ohun tí ó bá ṣẹ́kù a sì le bí iná. Àgbẹ̀ ń mu ọtí ápù nínú oko. John Adams tí ó jẹ Ààrẹ kejì kì í sì í fi í ṣeré ní òwúrọ̀. Ní ìbò ọdún 1840, àwọn alátìlẹ́yìn William Henry Harrison fi àgbá ọtí ápù àti ahéré onígi ṣe àmì rẹ̀, kí aráyé lè rò pé mẹ̀kúnnù ni, bẹ́ẹ̀ inú ilé ńlá àwọn ọlọ́rọ̀ ní Virginia ni a bí i sí. Ó wọlé.

Elégédé ní tirẹ̀ jẹ́ ohun ìní àwọn onílẹ̀ tí ó di oúnjẹ òyìnbó. Wọ́n sè é, wọ́n gbẹ ẹ́ pa mọ́ de òtútù, wọ́n tilẹ̀ fi í pọn ọtí nígbà tí bálì wọ́n wọn. Ní ọdún 1796, obìnrin kan tí ń jẹ́ Amelia Simmons tẹ ìwé oúnjẹ jáde ní ìlú Hartford. Ìwé náà ni a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ọmọ Amẹ́ríkà kọ. Ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ òrukàn lójú ewé àkọ́kọ́, ó sì kọ́ni ní bí a ti ń po elégédé mọ́ wàrà, ẹyin àti èròjà olóòórùn dídùn, tí a sì ń yan án. Láti ìgbà náà ni àkàrà òyìnbó elégédé ti di ohun tí a kò lè fẹ́ kù lórí tábìlì ìgbà ìwọ́wé.

Ọtí tí a ń fi ṣe àwọn àlejò pàtàkì ni ó mú Áfíríkà wọ inú ìtàn yìí pẹ̀lú omijé. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ná ọjà Íńdíà mú àṣà kan bọ̀: wọn a da ọtí líle, omi, ṣúgà, oje ọsàn wẹ́wẹ́ àti èròjà pọ̀ nínú ọpọ́n ńlá kan, gbogbo agbo a sì máa bù ú mu. Ọ́tí yìí, tí wọ́n ń pè ní punch, gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọtí rọ́ọ̀mù ni wọ́n sì sábà fi ń ṣe é. Oje dúdú tí ó ń ṣẹ́kù nígbà tí a bá ti fi ìrèké ṣe ṣúgà tán ni a fi ń pọn rọ́ọ̀mù. Àwọn ẹrú tí a kó láti Áfíríkà ni ó ń gbin ìrèké náà ní Karibíà. Àwọn oníṣòwò Newport ní Rhode Island ra oje dúdú náà, wọ́n fi pọn ọtí, wọ́n kó ọtí náà wọ ọkọ̀ lọ sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi í ra ènìyàn. Wọ́n kó àwọn ènìyàn náà lọ sí Karibíà láti lọ gbin ìrèké sí i. Bí òwò náà ti ń yí po nìyẹn. Nínú gbogbo ìlú tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àríwá Amẹ́ríkà, kò sí èyí tí ó rán ọkọ̀ ẹrú jáde tó Rhode Island. Ẹni tí ó bá ń bu ọtí nínú ọpọ́n ńlá ní ìgbà ìwọ́wé ọjọ́ wọ̀nyẹn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, ń bu iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa mu.

Láti inú àṣà ọpọ́n ńlá yìí ni ọtí inú ife kékeré ti jáde, èyí tí ayé ń pè ní kọ́kítéèlì, tí a sì lè pè ní ọtí àdàlù ní èdè wa. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 1806, ìwé ìròyìn kan ní ìlú Hudson ní ìpínlẹ̀ New York dá ẹni tí ó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lóhùn pé ọtí líle ni, tí a pò mọ́ ṣúgà, omi àti oje egbòogi kíkorò. Ní ọdún 1862 ni Jerry Thomas tẹ ìwé àkọ́kọ́ lórí ìdàpọ̀ ọtí jáde ní Amẹ́ríkà, òun ni a sì ń pè ní baba gbogbo agbọ́tí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà kí ó tó dé, aláwọ̀ dúdú sì ni àwọn mìíràn nínú wọn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ilé ìdáná, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lọ. George Washington, Ààrẹ àkọ́kọ́, ní ẹrú kan tí ń jẹ́ Hercules. Hercules ni olórí àwọn alásè nígbà tí ilé Ààrẹ wà ní Philadelphia, òkìkí ọwọ́ rẹ̀ sì kàn. Òfin Pennsylvania ti ọdún 1780 wí pé ẹrú àlejò tí ó bá gbé ibẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lè gba òmìnira. Nítorí náà, Washington a máa kó àwọn ẹrú rẹ̀ kúrò ní ìpínlẹ̀ náà kí oṣù mẹ́fà tó pé, a sì tún kó wọn padà. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì ọdún 1797, ọjọ́ ìbí olúwa rẹ̀ gan-an, Hercules sá kúrò ní oko Mount Vernon. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i mú. Thomas Jefferson pẹ̀lú mú ẹrú rẹ̀, James Hemings, lọ sí Páríìsì ní ọdún 1784 láti kọ́ oúnjẹ àwọn Faransé. Hemings kọ́ iṣẹ́ náà dé ojú àmì. Kí Jefferson tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1796, ó ní láti kọ́kọ́ kọ́ àbúrò rẹ̀ Peter ní gbogbo iṣẹ́ náà, kí ilé ìdáná má baà ṣófo. Ìwé tí Hemings fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ó fi ka àwọn ìkòkò àti ohun èlò inú ilé ìdáná náà, ṣì wà títí di òní.

A máa ń wí pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Àwọn wọ̀nyí mọ ọwọ́ wẹ̀, wọ́n mọ oúnjẹ sè, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbé kalẹ̀. Síbẹ̀ a kò fi ìjókòó lọ̀ wọ́n. Nígbà tí àwọn mìíràn nínú wọn di òmìnira, iṣẹ́ àlejò ṣíṣe yìí kan náà ni wọ́n fi la ọ̀nà fún ara wọn. Ní ọdún 1827, Robert Roberts, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Boston, tẹ ìwé jáde láti kọ́ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ní bí a ti ń tẹ́ tábìlì, bí a ti ń gbé ọtí fún àlejò àti bí a ti ń ṣe ohun mímu oríṣiríṣi. Ní Philadelphia, Robert Bogle sọ sísè oúnjẹ fún àpèjẹ àwọn ọlọ́lá di òwò gidi. W. E. B. Du Bois, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1899 lórí àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà, kọ nípa Bogle àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e, ó sì fi hàn pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo ilé ńlá ìlú náà gbójú lé. Ní New York, Cato Alexander, tí a bí sí oko ẹrú, ṣí ilé èrò ní ẹ̀yìn ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ènìyàn ńlá sì ń gun ẹṣin lọ síbẹ̀ nítorí ọtí àdàlù rẹ̀.

John Dabney ti ìlú Richmond ní Virginia ni ìtàn rẹ̀ wọni lára jù. Ẹrú ni, a bí i ní nǹkan bí ọdún 1824. Ó mọ ọtí júlẹ́ẹ̀pù ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ ní ìlú náà. Wisikí tàbí bùráńdì ni wọ́n fi ń ṣe júlẹ́ẹ̀pù, pẹ̀lú ṣúgà, ewé míńtì tí ń ta sánsán àti yìnyín tí a fọ́ wẹ́wẹ́. Olówó rẹ̀ gbà kí ó máa ṣiṣẹ́ síta, kí ó sì máa fi owó díẹ̀ díẹ̀ ra ara rẹ̀ padà. Kí ó tó san án tán, ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1865, gbogbo ẹrú sì di òmìnira. Kò sí òfin kankan tí ó lè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ Dabney mú ìyókù owó náà, ó gbé e lọ fún obìnrin tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ rí, nítorí ó ti ṣe ìlérí. Gbogbo ìlú yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ronú jinlẹ̀ yóò béèrè pé, láàárín Dabney àti obìnrin náà, ta ni ó jẹ èkejì ní gbèsè?

Ohun tí a sì jẹ pẹ̀lú ọtí náà ńkọ́? Ilá ti Áfíríkà dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹrú, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ dání: okra tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ti inú èdè Ìgbò jáde, bẹ́ẹ̀ ni gumbo, ọbẹ̀ tí ó sọ ìlú New Orleans di olókìkí, ti inú èdè àwọn Bántù jáde, ilá náà ni ó sì túmọ̀ sí. Ẹ̀wà olójú dúdú, ọkà bàbà àti bàrà náà bá ọ̀nà kan náà lọ. Ewé ẹ̀fọ́ kan wà tí ó jẹ́ ti àwọn ará Yúróòpù, èyí tí òtútù ìgbà ìwọ́wé máa ń mú kí ó dùn sí i. Àwọn obìnrin Áfíríkà a máa sè é pẹ́ pẹ̀lú ẹran, bí wọ́n ti ń sè é nílé, wọn a sì mu omi rẹ̀, omi tí òyìnbó ìbá dà nù. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ: oúnjẹ ẹrú di oúnjẹ gbogbo ìhà gúúsù.

Ọ̀rọ̀ iṣu yàtọ̀ díẹ̀. Iṣu gidi kò lè fara da òtútù Amẹ́ríkà. Ọ̀dùnkún ni àwọn ọmọ Áfíríkà bá níbẹ̀, ohun ọ̀gbìn Amẹ́ríkà látayébáyé. Wọ́n sun ún nínú eérú, wọ́n gún un, wọ́n sì fún un ní orúkọ ohun tí wọn kò lè rí mọ́. Títí di òní, àìmọye ará Amẹ́ríkà ń pe ọ̀dùnkún ní yam, ọ̀rọ̀ tí ó ti àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé ọ̀dọ̀ àwọn Potogí kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á, tí ó sì jọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Fúlàní ń lò fún oúnjẹ jíjẹ. Àkàrà òyìnbó ọ̀dùnkún sì wà nínú ìwé tí Abby Fisher tẹ̀ jáde ní San Francisco ní ọdún 1881. Ẹrú ni Fisher tẹ́lẹ̀, kò mọ̀wé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Ó ń sọ, àwọn ẹlòmíràn ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní àkókò yìí, àsè ìkórè ti di ti orílẹ̀-èdè. Sarah Josepha Hale, olóòtú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ lẹ́tà sí gómìnà àti Ààrẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa dúpẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Abraham Lincoln gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 1863, nínú ogun abẹ́lé, ó kéde Ọjọ́ Ìdúpẹ́ sí Ọjọ́bọ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù kọkànlá. Ní ọdún 1941 ni òfin wá fi í sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù náà. Ọdún 1863 kan náà ni Lincoln kéde òmìnira àwọn ẹrú tí ó wà ní ilẹ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Nǹkan méjì yìí ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́wàá sí ara wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ́ tábìlì Ìdúpẹ́ káàkiri, ọ̀kan ni a ń sọ ìtàn rẹ̀: ti Plymouth.

Ní ọdún 1913, ẹjọ́ kan fi hàn bí ọ̀ràn náà ti rí. Theodore Roosevelt, tí ó ti jẹ Ààrẹ rí, pe oníwèé ìròyìn kan ní Michigan lẹ́jọ́ nítorí ó pè é ní ọ̀mùtí. Ó búra pé júlẹ́ẹ̀pù díẹ̀ ni òun tọ́ wò ní ilé ẹgbẹ́ kan ní St. Louis. Roosevelt borí, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n san sẹ́ǹtì mẹ́fà fún un. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kan ní St. Louis fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní ta ni ó lè tọ́ júlẹ́ẹ̀pù Tom wò tí yóò sì fi ìyókù sílẹ̀? Tom náà ni Tom Bullock, aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ agbọ́tí ilé ẹgbẹ́ ọ̀hún. Ní ọdún 1917, Bullock tẹ ìwé ọtí àdàlù tirẹ̀ jáde. Òun ni ọmọ Áfíríkà-Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó tẹ irú rẹ̀, ó sì fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí ó dé. Ní oṣù kìíní ọdún 1920, òfin tí ó ka ọtí léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kò sì kúrò títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá ọdún 1933. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn agbọ́tí, ọtí sì wọ inú ilé. Láti ìgbà náà ni onílé fúnra rẹ̀ ti ń da ọtí pọ̀ fún àlejò, tí ó sì ń rò pé òun ni ó ni ọgbọ́n náà.

Orúkọ tí a sin bẹ̀rẹ̀ sí í hù díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1970, nígbà tí 350 ọdún pé tí Mayflower gúnlẹ̀, a pe Wamsutta Frank James, ọmọ onílẹ̀ láti inú ẹ̀yà Wampanoag, kí ó wá sọ̀rọ̀ níbi àjọyọ̀. Àwọn tí ó pè é ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì gbà kí ó sọ ọ́, nítorí òtítọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ọdún náà, àwọn onílẹ̀ kó ara wọn jọ sí ẹ̀bá ère Massasoit ní Plymouth, wọ́n sì sọ ọ́ di ọjọ́ ọ̀fọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n sì ti ń ṣe é láti ìgbà náà. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ wisikí Jack Daniel ní Tennessee, ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù láyé, jẹ́wọ́ ní gbangba pé ẹrú kan tí ń jẹ́ Nearest Green ni ó kọ́ Jack Daniel ní iṣẹ́ ọtí pípọn. Ìjẹ́wọ́ náà dé lẹ́yìn 150 ọdún tí a ti ń mu ọtí náà.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí wúlò fún olùkọ́ ní ibikíbi ní ilẹ̀ wa. Ìwé ìtàn sábà máa ń dárúkọ ẹni tí ó pe àpèjẹ. Kì í sábà dárúkọ ẹni tí ó dáko, ẹni tí ó se oúnjẹ àti ẹni tí ó gbé ọtí. Àwa pẹ̀lú ń ṣe ọdún iṣu titun láti Ìlá dé Ọ̀wọ̀, dé ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a sì ń kọ orúkọ ọba tí ó jẹ iṣu sílẹ̀, tí a kì í sì í kọ ti obìnrin tí ó gún un. Iṣẹ́ rere ni kí olùkọ́ rán ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ bi ìyá àgbà tí ń dáná fún ọdún ìlú wọn pé ta ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́, àti ta ni ó kọ́ ẹni náà, kí ọmọ sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé rẹ̀ nígbà tí ìyá náà ṣì wà láàyè láti dá a lóhùn.